Omi Ẹ̀rọ Ló Ba Bíà Jẹ́, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Ẹni Tó Pọn Ọ́n

Bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bá bàjẹ́, ìkòkò ni wọ́n kọ́kọ́ ń bú, lẹ́yìn náà àgbàdo, lẹ́yìn náà ọmọ tó ń koná. Ta ló ń bú omi? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó ń pọn bíà nílé ní Ìlú Ọba. Láti 1963 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní kí ẹni tó bá ń pọn èyí tí yóò mu nínú ilé ara rẹ̀ má wulẹ̀ gba láísẹ́ǹsì mọ́; títà nìkan ni wọn ò gbà. Gálọ́ọ̀nù márùn-ún, ìyẹn bíi 23 lítà, ni wọ́n sábà ń pọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á wá bù ú sí ife, háà! Ló bá ń rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ egbò lọ́sibítù. Owó àti làálàá, ó di gọ́tà.

Kọ̀lórín ni o. Èyí tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ kí aráyé má baà kó àìsàn, òun náà ló ń pàdé èròjà inú ọkà bálì tó ń di òórùn burúkú yẹn. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ti tó bà á jẹ́. Kọ̀lórín lásán ò le: kí wọ́n se omi náà, tàbí kí wọ́n gbé e kalẹ̀ mọ́jú láìdé e, á fò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi ti ń lo kọ̀lórámínì báyìí, alágídí nìyẹn, kì í bá ooru lọ bọ̀rọ̀. Oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ Campden ló ń ká a mọ́lẹ̀, ìdajì hóró sì tó fún 23 lítà. Owó péréte!

Níbi tí omi bá ti le, tí ẹfun ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, bíà tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ a máa ha ni lọ́fun. Wọ́n á kán lactic acid sí i díẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ológì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín: òun gan-an ló ń mú omi ògì kan. Wọ́n á máa kán an títí ọkà tí wọ́n pò mọ́ omi gbígbóná á fi wà láàárín 5.2 sí 5.6 lórí òṣùwọ̀n pH.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ìkorò òdòdó hops mú dáadáa, wọ́n á bu jípsọ̀ọ̀mù sí i. Òkúta tí wọ́n ń sun kó tó di POP àwọn oníṣẹ́ sílìǹ ni (ti oúnjẹ lọ́tọ̀ o, kẹ́nikẹ́ni má bu ti sílìǹ síkòkò). Ní Burton-on-Trent, inú ilẹ̀ ni omi kànga ti ń gbé tiẹ̀ bọ̀, ó sì wà lára ohun tó sọ bíà ibẹ̀ di olókìkí. Ní Plzeň nílẹ̀ Czech ẹ̀wẹ̀, omi rọ̀ bẹ̀lẹ́jẹ́. Òun ni Josef Groll fi pọn bíà aláwọ̀ wúrà ní 1842.

Àwọn oníwàǹwára a máa da gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìbéèrè ohun tó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni àbájáde àyẹ̀wò omi àdúgbò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ omi wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n kápá kọ̀lórín, kí wọ́n tó fọwọ́ kan jípsọ̀ọ̀mù rárá.