Ọmọ Mi Kì Í Ṣe Eku: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdánwò Oògùn Fọ̀níkú-fọ̀ladìde

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tí ó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ni, àwọn tí a ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS.

Arákùnrin aránṣọ kan ní Ẹgbẹ́dá, ẹni ọdún 31, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ó ti ń wá sí dísípẹ́ńsárì wa ní Ìgàndo, kí a lè máa fọ egbò tí ó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àrùn yìí yóò mọ irú egbò bẹ́ẹ̀. A ó fọ̀ ọ́, a ó dì í, yóò fẹ́ jinná; nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, yóò tún là. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé àwọn dókítà a máa wá àgbàlagbà tí ó ní SS láti fi dán oògùn tuntun wò. Bí wọ́n bá pè mí, ṣé kí n lọ?"

Ìyá rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e wá kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó figbe ta pé, "Ọmọ mi kì í ṣe eku!"

Èmi kò bá màmá náà jà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. A kò tíì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kano ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń pa àwọn ọmọdé. Ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀. Ọmọ 200 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún ìdajì wọn ní Trovan, wọ́n fún ìdajì kejì ní oògùn mìíràn. Ọmọ 11 ni ó kú nínú ìhà méjèèjì. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò là á yé wọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ lẹ́nu wọn. Ní ọdún 2009 ni wọ́n tó parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba Kano, tí owó rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Síbẹ̀, èmi kò gbà pé sísá ni ọ̀nà àbáyọ. Oògùn tí a kò bá dán wò lára ènìyàn, a kò lè mọ̀ bí yóò ṣe ènìyàn ní ire. Ẹ wo hydroxyurea tí ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ń lò nísinsìnyí. Àgbàlagbà 299 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kí a fi dán an wò. A pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ kèké: àwọn kan gba oògùn gidi, àwọn yòókù gba èyí tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn kankan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ náà kò mọ̀, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1995, a rí i pé ìrora àwọn tí ó lo oògùn gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì ti àwọn yòókù. Ní ọdún 1998 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà. Ara àwọn 299 yẹn ni àwọn tiwa ń jẹ ọ̀pẹ lé lórí lónìí.

Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ nílé. Àlùfáà Ogunyale ní àgbo kan fún àrùn yìí, tí ó ní iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà nínú. Kò gbé e kiri inú ọkọ̀ kí ó máa pariwo pé ó ń wo ọgọ́rùn-ún àrùn. Ó fi lé ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abuja lọ́wọ́, èyí tí a ń pè ní NIPRD. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 82, èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2001 pé ó dín ìrora kù. Ní ọdún 2006 ó dé ọjà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ṣùgbọ́n Xechem, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe é, wọ gbèsè ní ọdún 2008, oògùn náà sì kúrò nílẹ̀ mọ́ àwọn tí ara wọn ti mọ̀ ọ́n lára lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìdánwò nìkan ni ó yẹ kí a béèrè nípa rẹ̀. Ó yẹ kí a béèrè ohun tí yóò tẹ̀ lé e pẹ̀lú.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni ti voxelotor, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Oxbryta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ di afẹ́fẹ́ tí ó gbé mú, kí ó má baà tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 274, láti ọmọ ọdún 12 dé ẹni ọdún 65. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè lóòótọ́, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ìdánwò ṣì máa lọ. Ìdánwò méjì lára àwọn tí ó tẹ̀ lé e dé Nàìjíríà. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọmọdé tí a ń bẹ̀rù pé kí àrùn rọpárọsẹ̀ má kọlù: mẹ́jọ kú nínú àwọn tí ó gba oògùn náà, méjì kú nínú àwọn tí kò gbà á. Èkejì jẹ́ ti àwọn ẹni ọdún 12 sókè tí ó ní egbò ẹsẹ̀, ní Nàìjíríà, Kenya àti Brazil. Nínú ìyẹn náà, ènìyàn mẹ́jọ kú. A kò lè dá gbogbo rẹ̀ lé oògùn náà lórí, nítorí ibà àti àkóràn wà nínú ọ̀ràn àwọn kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Pfizer, tí oògùn náà ti di tirẹ̀, kó o kúrò lọ́jà ní gbogbo ayé.

Egbò ẹsẹ̀, ẹ̀yin ará, bíi ti arákùnrin wa yìí gan-an.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ẹ ò rí i bí? Ẹ má lọ mọ́." Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ni ó tú àṣírí oògùn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí kò sí ẹ̀fọn ibà nìkan ni a ti dán an wò, wọn ì bá kó o wá tà fún wa níhìn-ín, a ó máa sin òkú láìmọ ìdí. Àwọn tí ó bá ìdánwò náà lọ ni wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo àwọn yòókù. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún wọn, ó sì yẹ kí àwọn tí ń dánwò tọ́jú wọn ju bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ wọn lọ.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n fún mi ní ìwé kí n gbà á wá lọ́wọ́ aláìsàn. Mo gbé e fún ìyá àgbà kan, mo ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ka síbí." Wọ́n tẹ̀ka. N kò kà á fún wọn, àwọn náà kò béèrè, nítorí wọ́n rí aṣọ funfun lára mi. Ohun búburú kankan kò ṣẹlẹ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n títí di òní n kò fẹ́ràn láti rántí ọjọ́ náà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Èkíní, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ NAFDAC hàn yín, àti ti ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ń ṣe ìwádìí. Èkejì, ẹ béèrè ewu tí wọ́n ti rí nínú oògùn náà. Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ ó dá hydroxyurea, fólíìkì àti oògùn ìdènà ibà yín dúró ni, àbí ẹ ó máa lò wọ́n lọ? Ẹ̀kẹrin, bí ara bá yí padà ní òru, ta ni ẹ ó pè, ta ni yóò sì san owó ìtọ́jú? Ẹ̀karùn-ún, bí oògùn náà bá ṣiṣẹ́, ṣé ẹ ó máa rí i gbà lẹ́yìn ìdánwò? Ẹ̀kẹfà, ẹ mọ̀ dájú pé ẹ lè jáde nígbàkígbà, kí wọ́n má sì torí rẹ̀ dẹ́kun àtitọ́jú yín.

Ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá. Ẹ gbé ìwé náà lọ sílé, kí ẹ fi han ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ san owó kí ẹ tó wọlé, olè ni. Owó ọkọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n fún yín. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé yín, ibùdó Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì LUTH. Láti Ìkòtún, ọ̀nà náà kò jìn ju ẹ̀mí ènìyàn lọ.

Èsì tí mo fún màmá aránṣọ náà nìyí. Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ọmọ yín kì í ṣe eku. Eku kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ yín lè béèrè." Màmá náà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní bí wọ́n bá pè é, àwọn yóò bá a lọ, àwọn ni yóò sì kọ́kọ́ béèrè.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà.