Ìwé-Ẹ̀rí Ìjókòó Kò Wo Ibà ní Ajégúnlẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dá lórí ìmọ̀-ọ́n-ṣe kì í ka wákàtí tí apòògùn fi jókòó sí gbọ̀ngàn. Ohun tí ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ lè ṣe fún aláìsàn ló ń wò. FIP, ẹgbẹ́ àwọn apòògùn lágbàáyé, gbé ìlànà ìmọ̀-ọ́n-ṣe yìí jáde lọ́dún 2012, ó sì tún un ṣe lọ́dún 2020. Ní Nàìjíríà, PCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, ti sọ ọ́ di dandan kí apòògùn máa kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́ kó tó sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun. Dandan yìí tọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé. Apòògùn tí kò bá lè fi iṣẹ́ náà hàn lójú àgbà tó mọ̀ ọ́n kò yẹ lẹ́ni tó ń gba ìwé àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ibà nìkan tó láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó gboyè lọ́dún 2000 kọ́ ọ pé chloroquine ni oògùn ibà. Lọ́dún 2005, Nàìjíríà yí ìlànà padà sí ACT, àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀, nítorí kòkòrò ibà kò gbọ́ ti chloroquine mọ́. Nígbà tó di 2010, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ènìyàn lóògùn ibà. Apòògùn lè gbọ́ àlàyé àyẹ̀wò yìí ní gbọ̀ngàn láàárọ̀, kó má mọ bí wọ́n ṣe ń gún ìka ọmọdé. Èyí tó tún le jù ni kí èsì sọ pé kò sí ibà, kí ìyá ọmọ sì takú pé ibà ni.

Ní ìsọ̀ oògùn tó wà láyìíká ọjà Bọ́ńdírì ní Ajégúnlẹ̀, l'Ékòó, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í mú ìwé dókítà wá. Wọ́n á ní kí wọ́n po oògùn pọ̀ fún àwọn torí ara ríro, owó ọwọ́ wọn ló sì máa sọ iye hóró tí wọn yóò dà sínú ọ̀rá. Awakọ̀ tírélà tó sun ojú ọ̀nà Àpápá mọ́jú lè béèrè tramadol, oògùn ìrora tó máa ń di bárakú. Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de omi oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú. Wọ́n sì ti gba kọ̀ntéínà tramadol ní èbúté Àpápá. Òfin lè dí èbúté, àmọ́ ẹni tó dúró sẹ́yìn káńtà ló máa dá awakọ̀ náà lóhùn. Kó kọ̀ láìbú u, kó dá ẹni tí oògùn ti di bárakú fún mọ̀, kó sì mọ ibi tí yóò darí rẹ̀ sí: àsọyé kò lè kọ́ ènìyàn nírú iṣẹ́ yìí tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn fífà fún ikọ́ fée. Aláìsàn á gbọn ọ́n, á mí síta, á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rọra fa èémí sínú, á sì sé èémí náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí apòògùn fúnra rẹ̀ kò bá lè ṣe é, ọ̀fun aláìsàn ni oògùn olówó gọbọi náà yóò lẹ̀ mọ́.

Àwọn kan ní ọ̀pọ̀ apòògùn ti ṣí lọ sí ìlú òyìnbó, pé ìnira yìí yóò lé ìyókù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Britain tí wọ́n ń lọ, láti 2018 ni apòògùn ti ní láti kọ ohun tó kọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún, kó sọ bó ṣe ṣe aláìsàn láǹfààní, kó sì jíròrò iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú akẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní oníkẹ́mísì tí kì í ṣe apòògùn ló kún Ajégúnlẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ apòògùn fi gbọ́dọ̀ hàn yàtọ̀ lójú aráàlú.

Ìráhùn kan ṣoṣo ló ní láárí: ẹni tó ń dá ìsọ̀ ṣe kò lè ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ méjì láti lọ kẹ́kọ̀ọ́. Kí PCN rán àwọn àgbà tó gboyè ní WAPCP, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn apòògùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà ní Yábàá, wá sí ìdí káńtà ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, kí wọ́n wo iṣẹ́, kí wọ́n tún ibi tó wọ́ ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kùnà, kó tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́ta. Bó bá tún kùnà, kí PCN má fún un ní ìwé àṣẹ.