Ẹ Sanwó Àyẹ̀wò Kí Mẹkáníìkì Tó Dájọ́ Ikú fún Pọ́ǹpù Epo Yín

Kò sí ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù tí wọ́n ń purọ́ mọ́ ní ìlú yìí tó pọ́ǹpù epo. Mọ́tò kọ̀, kò sítáátì láàárọ̀, "pọ́ǹpù ni." Ó ń wúkọ́ bó bá ń gun afárá, "pọ́ǹpù ni." Ó kú lójijì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọ̀jọ́ta, ó tún jí lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, pọ́ǹpù náà ni. Nígbà míì, òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà míì, wáyà kan ló já, tàbí rílè kékeré kan tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ló bàjẹ́. Kí wọ́n tó mọ̀, pọ́ǹpù tuntun ti wọlé, owó ti jáde lápò, mọ́tò á sì tún kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín á ní olè làwọn mẹkáníìkì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn olè wà láàárín wọn lóòótọ́, bí wọ́n ṣe wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n àwa tá a ni mọ́tò la kọ́ àwọn tó kù ní ìwà yìí. Ẹ wo bá a ṣe ń náwó. Mẹkáníìkì lo wákàtí kan gbáko, ó yẹ fúùsì wò, ó tọ wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó rí i pé rílè ni, ó pààrọ̀ ẹ̀. Ó dárúkọ owó iṣẹ́ tó jọjú, la bá figbe ta: "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe gan-an? Ṣebí ẹ kàn yọ eléyìí, ẹ fi òmíràn síbẹ̀ ni!" Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó tú ìjókòó ẹ̀yìn, tó fa pọ́ǹpù yọ, tó lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀, a ó san án láìjanpata, torí a rí nǹkan tá a fọwọ́ kàn. Ọpọlọ kò lówó lórí lọ́dọ̀ wa, irin ló lówó lórí. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé orí irin nìkan ló ti ń rí oúnjẹ jẹ, irin náà ni yóò máa tà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ ya owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀. Kó tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ sọ fún un pé: "Ọ̀gá mi, mo máa sanwó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, bóyá pọ́ǹpù ni o, bóyá kì í ṣe òun. Ẹ ṣáà fi hàn mí." Ẹ máa rí i pé ọwọ́ tó fi ń mú iṣẹ́ náà á yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lè mọ̀ bóyá ó ṣe àyẹ̀wò tàbí ó kàn méfò, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àyẹ̀wò jẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tá à ń gùn, Camry "Big Daddy" ni o, Accord "End of Discussion" ni o, inú táǹkì ni pọ́ǹpù wà. Mọ́tò iná kékeré kan ni, ó rì sínú epo, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ti bẹntiróòlù gba inú fílítà àti páìpù lọ bá ẹ́ńjìnnì níwájú. Kì í kàn ṣe pé kí epo dé ibẹ̀ o, ó gbọ́dọ̀ fi agbára dé ibẹ̀. Fún Big Daddy oní-lítà 2.4, prẹ́ṣọ̀ epo tó yẹ jẹ́ láti 44 sí 50 psi. Tó bá wá sí bíi 25, ẹ́ńjìnnì lè sítáátì kó sì dúró jẹ́ẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kan gẹ̀rẹ́ afárá, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe á pa yín lẹ́rìn-ín: ẹ da epo sí i. Gééjì epo mọ́tò tó ti lo ogún ọdún máa ń purọ́. Ó lè sọ pé epo ku ìdá mẹ́rin nígbà tí táǹkì ti gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú Honda, tí iná aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú ṣáá, mọ́tò ò dá kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ̀ ni, kò sì ní fún ẹ́ńjìnnì lépo. Pọ́ǹpù ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ tún rí i pé plọ́ọ̀gì ń ta iná, torí epo nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ.

Ó wá kan títẹ́tí. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ Honda dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, láìjẹ́ kó sítáátì, ẹ ó gbọ́ ìró kan láti ẹ̀yìn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, á sì dákẹ́. Pọ́ǹpù ló ń gbé epo dúró de ẹ́ńjìnnì yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àyàfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ni pọ́ǹpù tiwọn máa ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá yí kọ́kọ́rọ́ Corolla yín, tó ní, "Ẹ gbọ́? Kò dún. Ó ti kú," ẹjọ́ tí kò gbọ́ ló dá yẹn.

Adájọ́ gidi ni mítà tí àwọn rewáyà fi ń wọn iná. Kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ sítáátì, kí ẹnì kejì fi mítà sí ojú wáyà tó wọ pọ́ǹpù. Tí iná bátìrì bá dé ibẹ̀ dáadáa, tí wáyà ilẹ̀ náà sì mọ́, tí pọ́ǹpù ò sì mira, ó ti kú, ẹ lọ ra òmíràn. Tí iná ò bá dé ibẹ̀, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀. Fúùsì, rílè, wáyà tí eku jẹ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá a lọ. Iṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá rèé, òun gan-an sì ni wọ́n máa ń fò.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní àdúgbò wa ní Accord "Baby Boy", èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2002. Láàárọ̀, mọ́tò náà ò ní wàhálà. Tó bá gbé e sínú oòrùn títí di ọ̀sán, kò ní sítáátì mọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún gbéra bíi pé kò sí nǹkan kan. Pọ́ǹpù méjì ló rà láàárín oṣù mẹ́ta. Ohun tó ń ṣe é jẹ́ àrùn tí àwọn Honda àtijọ́ wọ̀nyẹn mọ̀ dunjú: rílè ńlá kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, òjé tó di àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú máa ń sán. Bí ooru bá mú un, á là, iná ò ní kọjá. Bó bá tutù, á tún padà kanra. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ló fi òjé jó o padà fún un. Owó pọ́ǹpù méjì, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ti pé pọ́ǹpù ń dún, àmọ́ mọ́tò ò lágbára ńkọ́? Gééjì prẹ́ṣọ̀ ló máa sọ òótọ́, wọ́n á so ó mọ́ páìpù epo níwájú. Tó bá kéré, ó lè jẹ́ fílítà tàbí asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù nínú táǹkì ló dí, kì í ṣe pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ẹ̀rọ "scan" dẹ́rù bà yín. Tó bá gbé P0171 jáde, ohun tó ń sọ ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ pọ́ǹpù, ó lè jẹ́ rọ́bà tó lu, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Scan ò dárúkọ ẹnì kankan.

Ọgbọ́n kan tún wà fún ẹni tí mọ́tò kú fún lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ fi ìkúùkù tàbí òòlù onírọ́bà lu abẹ́ táǹkì díẹ̀díẹ̀. Tó bá gbéra, pọ́ǹpù tó ti jẹ tán nínú ni, ìlù yẹn ló jí i. Ẹ gbé e lọ tààrà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má gbé e gba Third Mainland lọ síbi iṣẹ́. Mọ́tò tó bá kú lórí afárá yẹn lálẹ́, tí tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá owó nìyẹn.

Kí ló tiẹ̀ ń pa wọ́n? Epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń mú un tutù, òun náà ló ń jẹ́ kó yí geerege. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ò tó N200 l'Ékòó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti ń sún mọ́ N500, kò sì dúró síbẹ̀. Látìgbà náà, ọ̀pọ̀ wa ń ra epo bí ẹni ra gààrí, iná yẹ́lò ò kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, ó sì ń fa ìdọ̀tí àti omi tó wà nísàlẹ̀ táǹkì. Ẹ fi epo inú jálá ojú títì kún un. Epo ilé epo gan-an kì í fìgbà gbogbo mọ́: lóṣù kejì ọdún 2022, ìjọba fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ọjà. Mi ò lè bá ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ jà pé kó kún táǹkì. Àmọ́ tí ìdá mẹ́rin bá lè máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, iye epo kan náà lẹ ó ṣì máa jó. Ẹ̀ẹ̀kan péré lowó yẹn máa dùn yín.

Ká gbà pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó kú. Nínú ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ojú ihò rẹ̀ wà, wọn ò ní láti sọ táǹkì kalẹ̀. Nípa pọ́ǹpù tí ẹ máa rà, orúkọ Denso tí wọ́n tẹ̀ sára páálí kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Láàárín ayédèrú tuntun àti ojúlówó "Belgium" tí wọ́n wọn prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ lójú mi, Belgium ni màá mú. Ẹ pààrọ̀ asẹ́ àti rọ́bà ojú ihò náà pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n nu yanrìn orí táǹkì kí wọ́n tó ṣí i.

Ibi tí mi ò ti ní bá ẹnikẹ́ni dọ́rẹ̀ẹ́ ni ọ̀rọ̀ iná. Mo ti rí i tí wọ́n fa pọ́ǹpù yọ, tí wọ́n gbé bátìrì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ẹ́lẹ̀ létí ilẹ̀kùn mọ́tò kan náà, tí wọ́n ń fi wáyà méjì dán an wò, tí iná ń ta pàrà, tí ẹnu táǹkì sì wà ní ṣíṣí. Oorun epo yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá gbà, ó lè rá dé ìdí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Yàtọ̀ sí ewu, pọ́ǹpù tuntun tí wọ́n bá ń yí ní gbígbẹ ti ń jẹra rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ fúùsì pọ́ǹpù, kí ẹ́ńjìnnì tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ jó epo inú páìpù tán, kí wọ́n yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì, kí wọ́n ṣí ìdérí epo kó mí síta. Kò sí sìgá, kò sí gúlóòbù oníwáyà. Tí mẹkáníìkì bá ní ẹ ń ṣe àṣejù, ẹ wọ́ mọ́tò yín lọ síbòmíràn.

Wọ́n á sọ fún mi pé mẹkáníìkì wọn ò ní gééjì prẹ́ṣọ̀. Mo mọ̀. Kò ní i torí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un láti lò ó. Tí oníbàárà mẹ́wàá bá béèrè rẹ̀ láàárín oṣù kan, ẹ ó rí i lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kejì.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ìjókòó padà kíá. Kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, kẹ́ ẹ fojú wo orí táǹkì bóyá epo ń sun, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn. Ẹ gba pọ́ǹpù àtijọ́ yín lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà fọ̀ ọ́ kó sì tà á fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ máa kọ̀ lọ́la.