Oògùn ọ̀fìnkìn l'Amẹ́ríkà: ẹnu ló gbà wọlé, kò dé imú

Oṣù kọkànlá, ọdún 2024 ni FDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn l'Amẹ́ríkà, dábàá pé kí wọ́n yọ phenylephrine kúrò nínú oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń gbé mì. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ 16 tó ń gba àjọ náà nímọ̀ràn ti panu pọ̀ pé kì í la imú tó dí.

Òfin ọdún 2006 ló gbé èròjà yìí dépò. Òfin náà ti pseudoephedrine sẹ́yìn káńtà, torí àwọn tó ń fi í se oògùn olóró. Lọ́dún 2022 nìkan, owó tí wọ́n ná sórí oògùn oníphenylephrine lé ní $1.7 bílíọ̀nù.

Kì í ṣe pé èròjà náà kò lágbára. Bí ọ̀fìnkìn bá dé, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú á wú, imú á sì dí. Lára iṣan wọ̀nyí ni àwọn ibi kéékèèké kan wà, alpha-1, tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ adrenaline tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Phenylephrine náà lè pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Iṣan á fúnjọ, èémí á sì rọ́nà gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e mì, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á ti fọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kó tó dé imú. Èyí tí wọ́n ń fín símú kò sí nínú ẹjọ́ náà.

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ti èyí yàtọ̀: ewé pé, ọ̀nà tó gbà ni kò gbé e délé.