Olúmọ Tàbí Òkè Ìdánrè: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Yàn fún Ìsinmi?

Ìsinmi kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ẹni tó ti fi odidi ọdún kàwé, tó sì ti jókòó ṣe ìdánwò, ó yẹ kí ó jáde kí ojú rẹ̀ rí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí pátákó ìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí ní àdúgbò wa, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà, kò pọ̀. Bí wọ́n bá lè mú yín jáde rárá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni lọ́dún. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín léèrè ibi tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dáhùn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ibi méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Òkè Ìdánrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òkè olókùúta ni méjèèjì, àtẹ̀gùn sì wà ní méjèèjì. Ní tèmi, Olúmọ ni mo fara mọ́ fún agbo ilé tó ń gbé ní ìgboro Ìbàdàn. N ó sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹ̀tọ́ Ìdánrè dù ú.

Bí a bá ń sọ ti ẹwà, Ìdánrè ló gbégbá orókè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ, a sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà kí ẹni tó ń gòkè lè mí. Lókè náà ni ìlú àtijọ́ wà, níbi tí àwọn ará Ìdánrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ẹ ó rí ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ilé ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀. Láti ọdún 2007 ni orúkọ ibẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ líle, owó díẹ̀ àti ọjọ́ mẹ́ta, kí ó lọ, kò ní kábàámọ̀.

Kí ló wá dé tí mo fi ní Olúmọ ni kí ẹ yàn?

Lọ́nà kìíní, ẹ wo ọ̀nà. Láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, bí ẹ bá gba Àpáta àti Ọmí-Àdìó, kò ju bí 80 kìlómítà lọ. Bí ẹ bá jáde ní òwúrọ̀, ẹ ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrìn àjò Ìdánrè ju 200 kìlómítà lọ: ẹ ó kọjá Aṣéjíre, Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ó sì bọ̀ lóòjọ́ yóò rin òru lọ́nà. Ẹni tó bá sì sùn níbẹ̀ yóò sanwó ilé àti oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ìsinmi gígùn bọ́ sí àsìkò òjò, àpáta gíga tí òjò rin kò sì ṣe é fi ṣeré.

Lọ́nà kejì, ẹ rántí àwọn tó ń sanwó. Ní agbo ilé wa, ìyá àgbà tó ń ta ata tàbí ẹ̀lùbọ́ lọ́jà wà lára àwọn tó ń san owó ìwé ọmọ. Bí ẹ bá mú un lọ sí Ìdánrè, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa ṣọ́ ẹrù. Olúmọ náà ní àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí kò dé téńté òkè, arúgbó tó bá ń rọra gùn ún lè dé ibẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbénisókè sí i nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2006. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìsinmi tó yọ ẹni tó sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ìsinmi agbo ilé.

Lọ́nà kẹta, ìtàn Olúmọ kan ìtàn tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn ogun tó fọ́ Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá, tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ìrẹ́pọ̀ wọn kò pẹ́. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá jáde láti ibí, wọ́n sì lọ fara pamọ́ sábẹ́ àpáta. Ibẹ̀ ni Abẹ́òkúta ti gba orúkọ rẹ̀. Nínú ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n dojú ìjà kọ Ìbàdàn. Lónìí, ọmọ Ìbàdàn lè wọlé ní ọ̀sán gangan, kí ó jẹ láfún, kí ó ra adìrẹ ní Ìtòkú, kí wọ́n sì sọ pé ó dàbọ̀. Ẹ̀kọ́ àlàáfíà nìyẹn, kò sì sí olùkọ́ tó lè fi pátákó kọ́ yín tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Olúmọ kéré, pé gbogbo ènìyàn ló ti mọ̀ ọ́n. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé: ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè Mápó láti kékeré, ta ni nínú yín ló lè sọ ọdún tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tó wà lórí rẹ̀? Ọdún 1929 ni. Mímọ orúkọ ibì kan yàtọ̀ sí mímọ ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bá àwọn òbí yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì mú ìwé kékeré tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ rí sí. Ẹ lọ sí Olúmọ lọ́dún yìí, kí gbogbo ilé lè lọ. Nígbà tí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹ sì ń gbowó ara yín, Ìdánrè kò ní sá lọ.