Ìrora Tó Ti Ìdí Sọ̀ Kalẹ̀ Dé Ẹsẹ̀ Kì Í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ èyíkéyìí n'Ìbàdàn láàárọ̀, kí ẹ wo àwọn awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ ó rí ẹni tó máa kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú, tí yóò gbé ìdí kan sókè lórí àga, tí yóò wá rọra fa ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé ti ọ̀tún. Bó bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, á fi igbe ta. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é: "Jẹ̀díjẹ̀dí ni." Ìyá alágbo tó ń kiri níbẹ̀ náà á gbà bẹ́ẹ̀, á sì bu ife kan fún un, èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Ṣúgà ni gbogbo wọn á dá lẹ́bi.

Ṣúgà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé ìgbẹ́, ó sì lè mú kí ẹran yọ lẹ́nu ihò ìdí. Ṣùgbọ́n kò lè rán ìrora gba ẹ̀yìn itan lọ sí ẹ̀yìn orúnkún, kó tún dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Iṣan ńlá kan tó ti egungun ẹ̀yìn jáde nísàlẹ̀ ìbàdí, tó gba inú ẹran ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, ló ń fa èyí. Kò sí iṣan ìmọ̀lára mìíràn tó nípọn tó o nínú ara èèyàn. Láàrin egungun ẹ̀yìn kan sí èkejì, ohun rírọ̀ kan wà tó ń gba ìwúwo ara dúró. Bó bá ya, inú rẹ̀ á yọ síta bí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n tẹ̀ lápá kan, á sì fún gbòǹgbò iṣan náà mọ́lẹ̀. Mixter àti Barr, dókítà méjì ní Boston, ló fi èyí han ayé lọ́dún 1934. Sciatica ni wọ́n ń pe ìrora náà. Ẹ̀yìn ló bàjẹ́, ẹsẹ̀ ló ń ké.

Èyí tó yẹ kó fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀ ni pé ara fúnra rẹ̀ máa ń jẹ ohun tó yọ síta náà tán díẹ̀díẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ìrora náà máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands pín aláìsàn 283 tí ìrora yìí mú gan-an sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n ní kí àwọn yòókù fara dà á ná. Ara tètè tu àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àwọn kan nínú àwọn tó ń fara dà á sì padà wá ṣe é. Àmọ́ nígbà tí ọdún yípo, apá kan kò sàn ju èkejì lọ.

Ẹbí á ní kí ẹ má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ dìde. Wọ́n ti yẹ èyí náà wò ní Netherlands: ọ̀sẹ̀ méjì lórí bẹ́ẹ̀dì kò wo ẹnikẹ́ni sàn ju kí ó máa rìn níwọ̀nba lọ. Bí ẹ bá jí, ẹ má fi agbára fa ara yín sókè. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ká orúnkún, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì já sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti ara yín jókòó. Ọwọ̀ ilé wa kúrú, ó ń mú kéèyàn tẹ̀ ẹ̀yìn ba, torí náà ẹ so ó mọ́ igi gígùn, tàbí kí ọmọdé gbálẹ̀. Mùsùlùmí tí rúkúù ń dá lóró lè jókòó sórí àga kírun, ẹ̀sìn fàyè gbà á. Ẹni tó bá sì ń bínú pé ẹ kò dọ̀bálẹ̀ kí òun, ẹ jẹ́ kó bínú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni abẹ́rẹ́ ìdí tí wọ́n ń gún ní kẹ́míìsì àdúgbò. Inú ẹran ìdí yẹn gan-an ni iṣan náà gbà kọjá! Bí abẹ́rẹ́ bá bà á, ẹsẹ̀ lè rọ, kó máa wọ́lẹ̀ béèyàn bá ń rìn, ó sì lè má bọ̀ sípò mọ́. Diclofenac àti ibuprofen lè dín ìrora kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n láìbi dókítà. Awakọ̀ tó gbé tramadol jẹ kó lè wakọ̀ d'Ékòó ń fi ẹ̀mí èrò ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀pọ̀ ń sá fún Ìgbóbì, ọsibítù eegun tó wà l'Ékòó, nítorí ẹ̀rù ọ̀bẹ. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún ní 1945, kí wọ́n lè tún máa lo ara wọn. Iṣẹ́ tí àwọn físíò (physiotherapist) ibẹ̀ ṣì ń ṣe nìyẹn: wọn á fi bí ẹ ó ṣe na ẹ̀yìn àti itan hàn yín, ẹ ó sì máa ṣe é nílé.

Bí ibà, òógùn òru àti rírù bá kún un, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa jẹ egungun ẹ̀yìn. Jẹjẹrẹ próstéètì náà a máa ràn dé ibẹ̀ lára àwọn bàbá.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì nìyí: kí ojú ara, ihò ìdí àti inú itan kú, tí ẹ kò mọ̀ ọ́n mọ́ bí ọwọ́ bá kàn án, kí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde, tàbí kó máa dà láìmọ̀, kí ìgbẹ́ máa yọ, kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa rọ. Iṣẹ́ abẹ kíákíá ló lè gba àwọn iṣan ibẹ̀ là. Bó bá pẹ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè má sí ní ìkáwọ́ ẹni mọ́ títí ayé. Ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun tọ̀ sára? Ẹ sọ ọ́. Ẹ wá mọ́tò lóru náà, kí ẹ gba ọsibítù ńlá lọ, níbi tí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ egungun ẹ̀yìn wà. Bí ẹ bá sì débẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó sọ ti ẹ̀yìn.