Ojú Alákàn Kò Gba Oníkẹ̀kẹ́ Là

Gbogbo ẹni tó bá ti rí mi lórí kẹ̀kẹ́ ní títì Ìkòròdú ló ní ìmọ̀ràn fún mi, ìmọ̀ràn kan náà sì ni: "Ẹ kọjú sí mọ́tò o, kí ẹ lè máa rí ohun tó ń bọ̀." Ìyá oníbúrẹ́dì sọ ọ́ fún mi ní Òjòta. Ọlọ́kadà kan sọ ọ́ fún mi nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gba wanwéè bọ̀. Àbúrò bàbá mi, tó ti gun kẹ̀kẹ́ Raleigh ní Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi, fi òwe dì í: ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún mi nínú wọn. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà inú wọn, àmọ́ ìmọ̀ràn yìí ń pa ènìyàn.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí o, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. L'Ékòó òde òní, ó di dandan kí ènìyàn ṣàlàyé, torí bí a bá ti pe kẹ̀kẹ́, Márúwá ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá kò farasin. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé níbi tí títì kò bá ti ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Òótọ́ ni ẹ̀kọ́ yẹn. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì títì ló yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa rìn. Bí dánfó bá ya bàrá sí i, ìṣísẹ̀ kan péré ni, ó ti fo gọ́tà. Ẹsẹ̀ ènìyàn lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè fà sẹ́yìn, ó lè dúró gbọin lójú kan. Kẹ̀kẹ́ kò mọ ọ̀kankan ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni a gbé kọ́ oníkẹ̀kẹ́ lọ́rùn. Alákàn tí wọ́n ń fi pa òwe fún wa pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ló ń rìn. Ẹni tó bá lè fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rìn ní ẹ̀gbẹ́, kó máa gba wanwéè lọ, èmi ò ní bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní dánfó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan (ìyẹn, dánfó tí ara rẹ̀ balẹ̀), kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ ní 15. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ síwájú, eré 35 ni dánfó fi ń lé e bá. Bí wọ́n bá dojú kọra, eré méjèèjì yóò para pọ̀, ó di 65. Ká ní 50 mítà ló kù láàárín wọn nígbà tí dẹrẹ́bà tajú kán rí i. Bí wọ́n bá jọ ń lọ, dẹrẹ́bà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 láti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá dojú kọra, kò pé 3. Ìkọlù náà kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 35 dé 65, agbára náà ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Èyí tó tún wá burú jù kò sí nínú ìṣirò yẹn. Dẹrẹ́bà tó wà lẹ́yìn mi lè dín eré kù, kó máa tẹ̀lé mi títí àyè á fi ṣí sílẹ̀, bó tilẹ̀ ń fọn fèrè tó ń bú ìyá mi. Ẹni tí mo dojú kọ kò ní àǹfààní yẹn. Bó bá tẹ bíréèkì tó dúró pátápátá, èmi ṣì ń bọ̀.

Ẹ wá wo oríta, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń di ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ kan ń jáde láti àdúgbò, ó fẹ́ yà sí ọ̀tún wọ títì ńlá. Apá òsì ni mọ́tò ti ń bọ̀, nítorí náà apá òsì ni dẹrẹ́bà kọ ojú sí. Bó bá ti rí àyè báyìí, ó ti gbéra. Oníkẹ̀kẹ́ wanwéè ń bọ̀ láti ọ̀tún. Òun rí mọ́tò kedere, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ní kó ṣe. Mọ́tò ni kò rí i. Kí ni ojú alákàn fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Iná oríta pẹ̀lú àwọn àmì ojú títì, ẹ̀yìn wọn ló ń rí, torí pé ẹni tó ń gba ọ̀nà tó tọ́ ni wọ́n kọ ojú sí. Bí dánfó bá dúró gbé èrò ńkọ́? Gọ́tà wà ní òsì rẹ̀, dánfó wà níwájú rẹ̀, àárín títì nìkan ló kù tó lè yà sí, sí ẹnu mọ́tò mìíràn tó ń sáré bọ̀. Bó bá sì pàdé oníkẹ̀kẹ́ bíi tirẹ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́ ní ọ̀nà tó tọ́, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín títì fún èkejì.

Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Mushin fi fọ́ọ̀kì tó kó jọ sí kọ̀rọ̀ hàn mí. Gbogbo wọn ló tẹ̀ sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kòtò náà ń tẹ fọ́ọ̀kì, mo sì wí bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, "Òótọ́ ni, àmọ́ kòtò kì í fọ́ gíláàsì mọ́tò."

Àwọn tó ń bá mi jiyàn ní ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, mi ò ní fi pamọ́: wọ́n ń gbá oníkẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn, ẹni tí wọ́n bá sì gbá bẹ́ẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń fò kì í sábà dìde. Òkùnkùn ló ń ṣe é jù, pẹ̀lú ọ̀nà gbọọrọ tí kò ní ìdádúró. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi ní bá mi lórí Third Mainland Bridge, afárá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 kìlómítà tí kò ní ibi tí kẹ̀kẹ́ lè yà sí. Ìdí náà nìyí tí iná pupa fi wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi kí ilẹ̀ tó ṣú, tí díńgí sì wà lápá òsì ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ẹ̀yìn, iná ni kó rà.

Ìgbàgbọ́ kejì, àbúrò ti àkọ́kọ́, ni pé kí ènìyàn lẹ̀ mọ́ etí gọ́tà. Yanrìn ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣí lójijì wà níbẹ̀, èrò tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ etí ń sọ fún dẹrẹ́bà pé àyè wà láti fún òun pọ̀ kọjá. Ẹ fi bíi mítà kan sílẹ̀. Àdéhùn ìrìnnà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna ní 1968 ka kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀. Ẹ gùn ún bí ọkọ̀.

Níbi tírélà àti tánkà, bíi Àpápá àti Mile 2, ọ̀rọ̀ náà le ju báyìí lọ. Ẹ má ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún iwájú wọn láéláé, torí dẹrẹ́bà jókòó sókè, kò rí yín, ibẹ̀ ló sì máa yí kọ tó bá fẹ́ yà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òsì ti jẹ́ tiwọn, ẹ̀gbẹ́ òsì ni ikú yìí ti ń pa oníkẹ̀kẹ́. Láti 2021, ọkọ̀ ẹrù tó bá ju tọ́ọ̀nù 12 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tó ń wo bí dẹrẹ́bà ṣe ń rí ìta tó kó tó wọ ìlú. Tiwa, a fi sílẹ̀ fún àdúrà. Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti Mile 12 dé CMS, wọ́n ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Kẹ̀kẹ́ kò rí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbà. Mo mú ẹjọ́ yẹn lọ bá ìjọba, àmọ́ kì í ṣe ìjọba ló ní kí ẹnikẹ́ni máa gba wanwéè.

Ẹni tí kò bá tíì gbà, kó lọ dúró fún wákàtí kan ní ẹnu àdúgbò rẹ̀, níbi tó ti yọ sí títì ńlá. Kó má wo mọ́tò o, ojú dẹrẹ́bà ni kó máa wò. Kó mú bírò àti ìwé dání, kó máa ka iye wọn tó yíjú sí ọ̀tún kí wọ́n tó gbéra.